Gilakómà, olè tí ń jí ojú gbé: Ohun tí oògùn ìbílẹ̀ Íńdíà lè ṣe, àti èyí tí kò lè ṣe

Ní ìhà àríwá ìlú Johannesburg, ní orílẹ̀-èdè South Africa, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Fourways. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ orúkọ náà sí èdè wa, oríta ni. Ibi tí títì Witkoppen ti dábùú títì ńlá kan ni wọ́n fi sọ àdúgbò náà lórúkọ. William Nicol ni títì ńlá ọ̀hún ń jẹ́ títí di ọdún 2023, kí wọ́n tó yí i padà sí Winnie Mandela. Ilé ìtajà ńláńlá wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, onírúurú ènìyàn ni ó sì ń gbé ibẹ̀, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wá ọrọ̀ ajé lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Ẹni tí àìsàn ojú bá ká mọ́ irú ibẹ̀ yẹn, oríta ni òun náà dúró sí. Ọ̀nà kan lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Ọ̀nà kejì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń tẹ̀lé ìlànà ìbílẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà tí à ń pè ní Ayurveda. Ọ̀nà kẹta ni agbo tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n fi rán ènìyàn sí i láti ilé. Ọ̀nà kẹrin ni ilé àdúrà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni í gba ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, a kò sì rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá ṣi ọ̀nà gbà lórí rẹ̀, a kò ní rí ọ̀nà padà sẹ́yìn mọ́. Gilakómà ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọkùnrin kan. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ìrírí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a kó pọ̀ sí ara rẹ̀, irú rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí àwọn dókítà ojú, ìbáà ṣe ní Johannesburg tàbí ní Ìbàdàn. Ọmọ ọdún 46 ni. Ọjà ni ó ń fi mọ́tò gbé kiri. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ yà sí ọ̀nà, kò sì rí mọ́tò tí ń bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Ó ní àárẹ̀ ni. Ìgbà tí ó lọ ra awò ojú ni wọ́n wọn ojú rẹ̀, tí wọ́n sì ní kí ó tètè lọ rí dókítà. Dókítà ní gilakómà ni, pé èyí tí ó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ ti lọ, pé kí ó máa kán oògùn sójú lálaalẹ́ títí ayé kí èyí tí ó kù má bàa lọ.

Oògùn náà ń ta á lójú. Oṣù mẹ́ta kọjá, ojú náà kò ríran jù bí ó ti ń ríran tẹ́lẹ̀ lọ. Ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bá mú un lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn Ayurveda. Wọ́n fi òróró sin ojú rẹ̀, ojú tutù, orí fúyẹ́, oorun sì kùn ún dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ó ní, "Oògùn rèé!" Ó ju ìgò dókítà nù. Lẹ́yìn ọdún méjì, ojú ọ̀tún ti kú pátápátá. Tòsì ń ríran bí ẹni tí ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́.

Níbo ni ọ̀rọ̀ ti wọ́? Bí ojú ṣe rí lára rẹ̀ ni ọkùnrin náà fi ṣe òṣùwọ̀n. Bẹ́ẹ̀, gilakómà kì í ṣe àrùn tí à ń fi bí ó ṣe rí lára mọ̀. Wíwọ̀n ni à ń wọ̀n ọ́n. Òun ni kókó ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ènìyàn wa sọ lónìí.

KÍ NI GILAKÓMÀ?

Nínú ẹyinjú, omi kan wà tí ó mọ́ gaara. Kì í ṣe omijé o. Òde ni omijé ń ṣàn sí, inú ni èyí wà. Ojoojúmọ́ ni ojú ń pèsè omi yìí, ojoojúmọ́ náà ni ó sì ń gba àwọn ihò tíntìntín kan jáde, ní igun ibi tí dúdú ojú ti pàdé funfun. Ẹ fi wé àgbá tí omi ń dà sí lókè, tí ó sì ń gba ìsàlẹ̀ jáde. Bí ihò ìsàlẹ̀ bá dí, tí omi òkè kò sì dáwọ́ dúró, àgbá á kún, ara rẹ̀ á sì le. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìfúnpá inú ojú ṣe ń ga.

Ní ẹ̀yìn ojú, iṣan kan wà tí ó ń gbé ohun tí a rí lọ sí ọpọlọ. Fọ́nrán tí ó para pọ̀ di iṣan náà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Bí ìfúnpá bá ń tẹ̀ ẹ́, àwọn fọ́nrán náà á máa kú díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó bá kú kò tún ní hù mọ́, nítorí iṣan ìríran kì í ṣe irun orí tàbí èékánná.

Ìríran ẹ̀gbẹ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, àárín a sì máa gbọ́n rọ̀ mọ́ ibi tí ó wà títí di ìgbẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹni tí ó ní gilakómà lè máa ka ìwé ìròyìn yìí láìsí wàhálà, kí ó sì máa fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Ojú kejì a tún máa bo àṣírí èkíní. Kò sí ìrora, ojú kò pọ́n, kò yọ ipin. Olè tí kò fọ́ ilẹ̀kùn, tí kò jí ajá, báwo ni onílé yóò ṣe mọ̀?

Ìwọ̀n ìfúnpá tí ó wọ́pọ̀ nínú ojú tí ara rẹ̀ dá kò ju 10 sí 21 lọ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí tiwọn kò kọjá 21, tí iṣan ojú wọn sì ń bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ kò fi ní wọn ìfúnpá nìkan. Yóò yẹ iṣan ẹ̀yìn ojú wò, yóò sì dán ibi tí ìríran fẹ̀ dé wò.

Oríṣi gilakómà kan wà tí kì í yọ́ wá. Òjijì ni tirẹ̀. Ojú á pọ́n, á máa dun ènìyàn bí ẹni pé yóò fọ́, orí á máa fọ́, ẹ̀bì á máa gbé e, á sì máa rí àwọ̀ òṣùmàrè tí ó yí iná ká. Ẹni tí èyí bá ṣe, kí ó gba ilé ìwòsàn lọ ní wákàtí náà. Kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ṣùgbọ́n oríṣi tí ń yọ́ wá ni ó pọ̀ jù láàárín wa.

A WÀ LÁRA ÀWỌN TÍ Ó Ń BÁ JÀ JÙ

Láàárín ọdún 2005 sí 2007, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan lórí ìfọ́jú káàkiri Nàìjíríà. Àwọn tí wọ́n yẹ ojú wọn wò lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá, gbogbo wọn ni wọ́n sì ti pé ẹni ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 100 ènìyàn, nǹkan bíi 5 ni ó ní gilakómà. Nínú 100 àwọn tí ó ní in, àwọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní in lé ní 90. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ni ojú rẹ̀ ti fọ́. Ìwádìí náà tún fi hàn pé ẹ̀yà Yorùbá àti Ìgbò wà lára àwọn tí àrùn yìí ń mú jù. Kàtárátì, èyí tí í mú kí àárín ojú funfun, ni ó ń fọ́ ojú jù ní orílẹ̀-èdè wa. Gilakómà ni ó tẹ̀lé e. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ni pé iṣẹ́ abẹ lè dá ojú tí kàtárátì bò padà. Kò sí abẹ tí ó lè dá èyí tí gilakómà bá gbé lọ padà.

Kì í ṣe ilé nìkan ni ọ̀rọ̀ náà mọ. Ní erékùṣù Barbados, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ́ ìran àwọn tí a kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nǹkan bíi 7 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti pé ogójì ọdún ni wọ́n rí i pé ó ní in. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wò ní Nàìjíríà, Ghana, South Africa àti Amẹ́ríkà kéde pé àwọn rí ohun àjogúnbá kan tí ó so mọ́ gilakómà lára àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ Áfíríkà wá. Àrùn tí ń rìn nínú ìran ni. Bí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ bá ní in, ìwọ ni ó yẹ kí o kọ́kọ́ sáré lọ yẹ ojú rẹ wò.

KÍ NI AYURVEDA SỌ NÍPA RẸ̀?

Ní ọdún 1860 ni ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ kó àwọn ará Íńdíà dé Durban láti wá ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké. Àwọn àti àwọn oníṣòwò tí ó tẹ̀lé wọn kó oúnjẹ wọn, ẹ̀sìn wọn àti ìṣègùn wọn dání. Lónìí, Ayurveda wà lára àwọn iṣẹ́ ìṣègùn tí òfin South Africa fọwọ́ sí, ìgbìmọ̀ kan sì wà lábẹ́ òfin ọdún 1982 tí àwọn tí ń ṣe é gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe iṣẹ́ àwọn tí ń sá pamọ́.

Ìmọ̀ nípa ìgbé ayé ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Wọ́n gbà pé agbára mẹ́ta ni ó ń darí ara, vata, pitta àti kapha, tí a lè fi wé afẹ́fẹ́, iná àti omi. Pé bí ọ̀kan bá ju èkejì lọ, àìsàn dé nìyẹn. Ìwé àtayébáyé tí ó ń jẹ́ orúkọ Sushruta, àgbà oníṣègùn wọn, ka àrùn ojú tí ó tó 76. Ọ̀kan nínú wọn ni adhimantha. Wọ́n ní yóò máa ṣe ojú bí ẹni pé wọ́n ń po ó bí ẹni po wàrà, ìrora rẹ̀ yóò sì mú ìdajì orí. Àwọn oníṣègùn Ayurveda òde òní sọ pé gilakómà ni.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo àpèjúwe yìí yóò rí i pé gilakómà òjijì, tí ń dun ènìyàn, ni ó jọ. Èyí tí ń yọ́ wá kò ní ìrora tí oníṣègùn ayé ọjọ́un ìbá fi dá a mọ̀. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni ó pọ̀ láàárín wa.

Ìtọ́jú wọn pọ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní tarpana, wọn yóò fi ìyẹ̀fun irú ẹ̀wà dúdú kan mọ odi yí ojú ká, wọn yóò sì da ghee sí i, ìyẹn bọ́tà màlúù tí wọ́n yọ́, tí wọ́n sì fi egbòogi sè. Aláìsàn yóò máa ṣẹ́jú nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Wọ́n a máa kán òróró egbòogi sí imú. Wọ́n ní àgúnmu tí ń jẹ́ triphala, èso igi mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n tún ń lo ewé kan tí wọ́n ń pè ní punarnava, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí ń di ọ̀tun. Kí orúkọ náà má dẹ́rù bà yín: ètìpọ́nlá tiwa yìí ni, tí ń fà nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tí àwọn ìyá wa ń já sínú agbo.

Ṣé wọ́n ń ṣiṣẹ́? Òróró tí ó mọ́ lè tu ojú gbígbẹ lára, ìfọwọ́rà àti ìsinmi sì lè mú kí ara balẹ̀. A kò ní jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ìwádìí tí ó dúró ṣinṣin tí ó fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí dá gilakómà dúró kí ó má fọ́jú ènìyàn. Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù ni forskolin, tí wọ́n yọ láti ara egbòogi Íńdíà kan tí ń jẹ́ coleus. Ní ọdún 1983, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà kéde pé bí a bá kán an sójú, ìfúnpá a máa lọ sílẹ̀ lára ehoro, ọ̀bọ àti ènìyàn. Síbẹ̀, títí di òní, kò tíì di oògùn tí àwọn dókítà ojú gbára lé.

Ìkìlọ̀ kan tún wà. Ní ọdún 2004, àwọn oníwádìí yẹ 70 oògùn Ayurveda tí wọ́n ń tà ní ìlú Boston wò. Nínú 14, wọ́n bá òjé, mẹ́kúrì tàbí ásẹ́níìkì. Májèlé ni gbogbo wọn.

ÈSÉRÉ CALABAR

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ń pẹ̀gàn ewé àti egbò. Oògùn àkọ́kọ́ tí ayé kán sójú nítorí gilakómà, ní ìhà tiwa níbí ni ó ti wá. Ní Calabar, ẹ̀wà kan wà tí wọ́n ń pè ní èséré, tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ. Ẹni tí ó bá pa, wọ́n ní ó jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá bì í jáde, ó bọ́. Àwọn òyìnbó oníwàásù kó o dé ìlú Edinburgh. Ní ọdún 1855, ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Christison jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ wò, díẹ̀ ni ó kù kí ó bá a lọ. Ní 1863, Douglas Argyll Robertson fi hàn pé oje rẹ̀ a máa mú kí ọmọlójú sún kì. Ní 1876, dókítà ojú ará Jámánì kan, Ludwig Laqueur, tí òun fúnra rẹ̀ ní gilakómà, fi hàn pé oje náà a máa dín ìfúnpá ojú kù. Láìpẹ́, omiran tẹ̀lé e láti ara igi jaborandi ti ilẹ̀ Brazil.

Kí ni ó sọ èséré tí ń pa ènìyàn di oògùn? Wọ́n yọ èyí tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n mọ ìwọ̀n tí ó tó, wọ́n sì yẹ ojú wò ṣáájú kí wọ́n tó lò ó àti lẹ́yìn rẹ̀. Egbòogi tí ó bá gba ibẹ̀ yẹn kọjá, oògùn gidi ni, ìbáà ti Calabar wá tàbí Íńdíà.

Àwọn àgbà a máa sọ pé oògùn tí kò bá jẹ́, ewé kan ni ó kù tí a kò fi sí i. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni lórí àìsàn mìíràn. Lórí gilakómà, kí a tó rí ewé tí ó kù, ojú ti lọ.

OHUN TÍ À Ń FI ỌWỌ́ ARA WA ṢE

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Àwọn kan ń fi ìtọ̀ fọ ojú, àwọn kan ń kán omi ṣúgà tàbí omi iyọ̀ sí i, àwọn mìíràn ń fún omi ewé sí i. Ìdọ̀tí inú wọn lè dá egbò sí ojú, kí wàhálà méjì wá wà lójú kan. Èyí tí ó burú jù ni oògùn ojú tí à ń rà ní kẹ́míìsì láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń mú kí ojú tí ó pọ́n mọ́ kíákíá ni sítẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń lò ó títí, òun fúnra rẹ̀ lè gbé ìfúnpá ga, kí ó sì fa gilakómà.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Èkíní, ẹni tí ó bá ti pé ogójì ọdún, kí ó lọ yẹ ojú rẹ̀ wò, kódà bí kò bá dùn ún. Ẹni tí àrùn náà bá wà nínú ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró di ogójì. Kí ó sọ fún dókítà pé gilakómà ni òun wá ṣàyẹ̀wò fún. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn UCH wà. Ní Èkó, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Ilé-Ifẹ̀ ní ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n wà ní Johannesburg ní ilé ìwòsàn ojú St John, tí ó wà ní Chris Hani Baragwanath, ní Soweto.

Èkejì, bí wọ́n bá ní kí o máa kán oògùn, máa kán an. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti mú kí o ríran jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣọ́ èyí tí ó kù. Bí o bá kán an tán, pa ojú dé, kí o sì fi ìka tẹ igun ojú lẹ́bàá imú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí oògùn má bàa sàn lọ sí ọ̀fun. Bí oògùn bá jẹ́ méjì, fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí àárín wọn. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée, kí ó sọ fún dókítà, nítorí oògùn tí ń jẹ́ timolol lè dí i ní èémí.

Ẹ̀kẹta, bí owó oògùn oṣooṣù bá wọ́n ọ́ lọ́rùn, má ṣe dákẹ́ kí o sì dá a dúró. Béèrè ìtọ́jú iná léésà tàbí iṣẹ́ abẹ. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2021 láti ìlú Moshi, ní Tanzania, fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, léésà ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi 60 nínú 100 ojú, nígbà tí timolol ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi 30.

Ẹ̀kẹrin, bí ọkàn rẹ bá fà sí Ayurveda tàbí agbo, má ṣe fi pa mọ́ fún dókítà ojú. Gbé e lọ fi hàn án. Má ju oògùn dókítà nù nítorí rẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ohunkóhun sí ojú tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, jẹ́ kí dókítà wọn ìfúnpá, kí ó sì yẹ iṣan wò. Oníṣègùn tí ó bá sọ pé kí o má lọ wọ̀n ọ́n, tàbí pé òun yóò dá ìríran tí ó ti lọ padà, sá fún un, ìbáà wọ aṣọ funfun, ìbáà wọ agbádá.

Ọkùnrin tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan kò ṣẹ̀ nítorí pé ó wá ìtura. Ta ni kò fẹ́ ìtura? Ohun tí ó ṣe é ni pé kò sí ẹni tí ó jẹ́ kí ó yé e pé ojú lè tura, kí ó sì máa kú lọ. Àwọn baba wa ní òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mú ẹkún sun. Wọ́n sì tún ní bí a kò bá tètè mú olè, olè a máa mú olóko. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin tí ojú yín ṣì ń rí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kedere, ẹ̀yin gan-an ni à ń bá wí. Ẹ bo ojú kan, kí ẹ fi èkejì wo àyíká yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bo èkejì. Kí ẹ tó sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe yín, ẹ jẹ́ kí dókítà bá yín wọ̀n ọ́n.